Agogo Tí Ẹni Inú Ilé Kì Í Gbọ́

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó wọkọ̀ lọ sí Ellingcote, kó wọ ilé ọtí tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó bi àgbàlagbà èyíkéyìí tó bá níbẹ̀ pé kí ló ṣe Margery nígbà ogun. Wọn ò ní bá a jiyàn. Wọn ò sì ní dá a lóhùn. Wọn á gbé ife wọn sókè, wọn á máa wo ìdí rẹ̀.

Margery kì í ṣe ènìyàn. Agogo ni.

Agogo mẹ́fà ló wà nínú ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ellingcote. Margery ló tóbi jù nínú wọn, òun náà sì ni ohùn rẹ̀ wúwo jù. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́. Òun ló ń sin òkú wọn lọ sí ibojì, òun ló ń kí ìyàwó wọn káàbọ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Ellingcote mọ ohùn rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń mọ ohùn ìyá rẹ̀ láàárín èrò.

Ìdílé Pask ló ń tọ́jú àwọn agogo náà láti ayébáyé. Nígbà tí ogun Jámánì dé, ènìyàn méjì péré ló kù nínú ìdílé ọ̀hún. Silas, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, àti Dorcas àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Silas ò gbéyàwó. Dorcas ò lọ sílé ọkọ. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ òkú. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Kọ́kọ́rọ́ ilé agogo wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, irin dúdú, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà ọkùnrin.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, ìjọba pàṣẹ pé kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì kankan má dún mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Bí agogo bá dún, ohun kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí: àwọn ọmọ ogun Jámánì ti ń fi agboòrùn ńlá sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ẹni tó bá lu agogo láìnídìí, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é.

Silas fúnra rẹ̀ ló gùn ún lọ sókè. Ó fi awọ màlúù di irin tó ń bẹ nínú agogo kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní ahọ́n agogo. Ó ta á ní kókó, ó fà á le. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àfi bíi pé mo di ìyá wa lẹ́nu," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Agogo ni."

Ìlú bá dákẹ́. Ọdún kan kọjá. Ó kọ́kọ́ ń ṣe wọ́n bí ẹni tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tí ahọ́n rẹ̀ ń wá a kiri. Nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1941. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Dorcas gbé ìgbálẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó lọ sí ilé agogo. Oṣooṣù ló ń lọ. Àwọn kannakánná a máa kó igi wẹ́wẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, wọn a máa yàgbẹ́ sórí pákó. Bí ó bá ti gbá a tán, á fi ọ̀rá pa àwọn irin tí agogo ń yí lé lórí, kí wọ́n má bàa dípẹtà.

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Ó gòkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ ń ṣe ṣà, ṣà, ṣà.

Lójijì, kò dún mọ́.

Ìgbálẹ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń rí i tó ń kó igi wẹ́wẹ́ jọ. Kò gbọ́ ọ. Ó dúró. Ó fi bàtà gbá pákó. Kò gbọ́ ọ. Ó pe orúkọ ara rẹ̀, ètè rẹ̀ mì, kò sí ohùn. Gbogbo kannakánná tó wà lójú fèrèsé fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí ìyẹ́ wọn tó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Wọ́n fò lọ bí òjìji.

Ó wo Margery. Agogo náà dúró jẹ́ẹ́. Awọ wà lára ahọ́n rẹ̀.

Kò pẹ́. Ó tó kí ènìyàn rọra ka ogún. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ padà, tí pákó padà, tí ìgbálẹ̀ tún ń ṣe ṣà.

Ọjọ́ ogbó ló dé yìí, ló sọ fún ara rẹ̀. Etí ìyá wọn náà ti di kó tó pé ọgọ́ta ọdún. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Níta, eré ti di bó ò lọ o yà fún mi. Àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ìlú ń sá lọ sí pápá, ìbọn lọ́wọ́ àwọn kan, àmúga oko lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ọmọdé ń ké. Lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyáàfin Tranter, aládùúgbò wọn, wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí ẹsẹ̀ kì í gbà ká. Ibi tó ti ń sáré kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ ihò abẹ́ ilé ló ti ṣubú.

Hockaday ọlọ́pàá fò sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mísì Pask! Ibo ni wọ́n wà?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn Jámánì! Ibo lẹ ti rí wọn?"

"Mi ò rí Jámánì kankan."

"Kí lẹ wá lu agogo fún?"

"Agogo wo?"

Ìyáàfin Tranter gbé orí sókè láti ilẹ̀. Ìrora ti sọ ojú rẹ̀ di funfun. "Dorcas, má dán irọ́ yẹn wò! Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ló dún. Ṣé gbogbo wa ni orí wa dà rú ni?"

"Lókè níbẹ̀ ni mo wà," ni Dorcas wí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà burú lẹ́nu ara rẹ̀. Ó gbọ́ bó ṣe burú tó. Ta ni yóò dúró lábẹ́ agogo tí kò ní gbọ́ ọ?

Hockaday gòkè. Silas, tó sáré dé láti oko ẹ̀wà rẹ̀, tẹ̀ lé e. Dorcas kẹ́yìn. Awọ wà níbi tí wọ́n dì í sí. Kókó wà lójú kan.

"Kókó tèmi nìyí," ni Silas wí.

"Kókó tí wọ́n bá tú, wọ́n lè tún un ta. Ta ló tún mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ta á?"

Silas yíjú, ó wo àbúrò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò ó, ó sì gbé ojú kúrò. Dorcas wá ìgbẹ́kẹ̀lé gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ gbé nínú ìwò yẹn, kò rí i.

"Bàbá yín ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa okùn agogo," ni Hockaday wí. "Torí tiẹ̀, màá kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan, Mísì Pask. Ẹ gbọ́?"

Nírọ̀lẹ́, Silas àti Dorcas jókòó ti búrẹ́dì àti tíì tí wọ́n ti rẹ ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Dorcas, sọ òótọ́ fún mi."

"Mo ti sọ ọ́."

"Nínú oko ẹ̀wà ni mo wà. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ṣé mi ò mọ Margery ni?"

"Abẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí, ẹ̀gbọ́n. Mi ò gbọ́ ọ."

"Ìyẹn gan-an ni ò yé mi."

Ó kù díẹ̀ kó sọ ti ìgbálẹ̀ fún un. Ẹni tí wọ́n ń pè ní òpùrọ́, bó bá tún sọ èyí, wọn á pè é ní wèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣófo. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí Silas. Dorcas rí i nígbà tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó tẹ́ aṣọ lé e lórí, ó tún un ṣe dáadáa.

Láti ìgbà náà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ìlú sí i. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Bó bá jáde, ẹ̀rín á tẹ̀ lé e. "Mísì Pask, ẹ bá wa wo aago mélòó ló lù o!" "Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀, etí ń dùn ún!" Àwọn kan ò tilẹ̀ fi ṣeré. Wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá ló ń fi agogo ṣàmì fún. Wọ́n ní obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ló ń fi pamọ́ sínú? Ìyáàfin Tranter ń wò ó láti ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí, kì í sì í juwọ́ sí i mọ́.

Ara ń fu Dorcas náà sí wọn. Bí wọ́n bá ti jọ gbìmọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gba ilé agogo lọ́wọ́ ìdílé Pask ńkọ́? Ó máa ń wo ojú wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n bá di ojú wọn láti gbàdúrà.

Ní oṣù Disẹ́ńbà, ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kan, Dorcas ń ká aṣọ lórí okùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago mẹ́rin ò tíì lù. Òtútù ti mú kí aṣọ le gbagidi bíi pákó. Silas ní òun ń lọ ra tábà.

Agogo dún.

Gbòòòm.

Inú egungun àyà rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó dé etí rẹ̀. Margery ni. Ọdún kan ààbọ̀ ni kò ti gbọ́ ohùn yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe é, ayọ̀ ni. Omi dé ojú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì dún. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó dé. Ó ń kà á, ó ń sáré, aṣọ ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí koríko. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti dákẹ́.

Ilẹ̀kùn ilé agogo ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Ó gùn ún lọ sókè, èémí rẹ̀ ń já.

Silas jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara Margery.

"Ẹ̀gbọ́n!"

Ó fò dìde. "Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ lù ú!"

"Mo lu kí ni?"

"Ẹ má ṣe èyí fún mi. Mo gbọ́ ọ. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ!"

"Dorcas, láti aago mẹ́ta ni mo ti jókòó síbí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́. Ọwọ́ mi ò kúrò lára rẹ̀. Kò mì. Tútù ló tutù bí òkú."

Dorcas wo kókó awọ. Kókó tí wọ́n bá tú, wọ́n lè tún un ta. Bó ṣe wá sí i lọ́kàn nìyẹn, pẹ̀lú ohùn Hockaday gan-an. Òun tó yẹ kó kọ́kọ́ gbà á gbọ́ láyé yìí, kò gbà á gbọ́.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Hockaday yọjú, iná ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí wọn lójú.

"Ẹ̀yin ni àbí òun ni, Mísì Pask?"

Ó lè sọ pé kì í ṣe ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ó lè sọ pé àwọn jọ wà níbẹ̀ ni. Silas ń wò ó.

"Ìta ni mo wà," ló wí. "Aṣọ ni mò ń ká."

Ìwọ̀nba ohun tó sọ nìyẹn. Silas tẹrí ba, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú ọlọ́pàá bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ lọ́wọ́.

Ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ti ewú orí rẹ̀ ni, ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi í sí ìkáwọ́ Hockaday. Wọ́n ní kó máa yẹ awọ náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì lé ọjọ́ kan tí Silas ti wà lẹ́wọ̀n ni, ní Ọjọ́bọ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oòrùn yọ. Ìlú tò síwájú ṣọ́ọ̀bù alápatà nítorí ẹran tí ìjọba ń wọ̀n fún wọn. Dorcas wà lẹ́yìn pátápátá, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró tì í. Gbogbo wọn ló rí Hockaday tó kọjá, tó wọ ilé agogo, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n gbọ́ nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́.

Margery dún.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sáré. Wọ́n dúró, àpò ọjà lọ́wọ́ wọn. Gbòòòm. Omi òjò ń kán lára òrùlé. Gbòòòm. Alápatà gbé ọ̀bẹ sókè, kò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kà á, ètè gbogbo wọn ń mì. Mẹ́sàn-án.

Hockaday ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Ó dára. Gbogbo awọ wà níbi tó yẹ kó wà." Ó wò wọ́n. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

Ìyáàfin Tranter fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kan.

"Hockaday," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀ẹ̀mélòó lo lù ú?"

Ó wo ojú rẹ̀. Ó wo ojú ẹni tó tẹ̀ lé e, àti ti ẹni tó tún tẹ̀ lé e, títí ojú rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ Dorcas lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò gùn ún. Ó ń tì í lọ.

Dorcas lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ẹ kọ̀wé sí adájọ́. Ẹ ní kí wọ́n tú ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀."

"Kí ni kí n kọ?"

"Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ."

"Òótọ́ wo? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tó sọ fún yín gan-an nìyẹn."

Hockaday di etí ilẹ̀kùn mú. "Bí mo bá kọ ọ́, èmi ló kàn. Mo lọ́mọ, Mísì Pask. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Kò gbá a. Ó rọra tì í bí ẹni tí òkú sùn sínú ilé rẹ̀. Nínú gbogbo ìlú, ẹnì kankan ò kọ̀wé. Ẹni mélòó ló gbọ́ agogo lọ́jọ́ náà? Gbogbo wọn. Ẹni mélòó ló sọ̀rọ̀? Silas ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ pé.

Ó padà sílé pẹ̀lú ikọ́. Ó ti rù. Dorcas se ehoro fún un, ó jẹ ẹ́, ó kọ ojú sí fèrèsé. Kò bá a jà. Ì bá sàn kó bá a jà. Oṣù ń gorí oṣù, iyọ̀ nìkan ló ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì láàárín wọn. Hockaday wá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan láìkan ilẹ̀kùn. Dorcas gbé e kọ́ sórí ìṣó. Kò sẹ́ni tó wọ ilé agogo mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni agogo ò dún mọ́.

Nígbà tí oṣù kẹwàá tún dé, Silas ò lè dìde mọ́. Ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dorcas ń fi ṣíbí bu omi ọbẹ̀ fún un. Ó wúkọ́, ó wúkọ́ títí. Nígbà tó sinmi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mo ń gbọ́ èyí," ló wí. "Ti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ọ."

"Ọjọ́ wo?"

"Lókè níbẹ̀. Mo wúkọ́. Àyà mi fò, ẹnu mi là, mi ò gbọ́ ikọ́ ara mi. Mo rò pé mo ti kú ni. Mi ò sọ ọ́ nílé ẹjọ́. Ta ni yóò gbà á?"

Ṣíbí dúró sójú kan lọ́wọ́ Dorcas. Omi ọbẹ̀ ń kán sórí aṣọ ìbora.

"Ìgbálẹ̀ mi," ló wí.

"Kí ló ṣe ìgbálẹ̀ rẹ?"

"Kò dún. Mò ń gbálẹ̀, kò dún."

Wọ́n wo ara wọn. Dorcas jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo tà yín, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ tà ọ́. Ojú ni mo fi tà ọ́."

Wọ́n sunkún díẹ̀, bí àgbà ṣe ń sunkún, láìpariwo. Lẹ́yìn náà ni Dorcas béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún kan.

"Ta ló ń lù ú?"

"Mi ò mọ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù." Silas wo òkè àjà. "Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dún, ẹnì kan wà nínú ilé. Ìwọ. Èmi. Hockaday. Kò dún rí nígbà tí ibẹ̀ ṣófo. Kí ló ń fi ẹni tó wà nínú ilé ṣe?"

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìròyìn dé pé ọmọ ogun ilẹ̀ wọn ti ṣẹ́gun nínú aṣálẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ìjọba ní kí gbogbo agogo dún láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo, kí àwọn ènìyàn fi yọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà lójú ogun. Àgbà ọkùnrin mẹ́rin àti obìnrin kan ló lè fa okùn. Ó ku ẹni tí yóò fa ti Margery. Àlùfáà wá bẹ Dorcas.

"Ṣé kí n lọ?" ló bi Silas.

"Ṣí fèrèsé fún mi kó o tó lọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Dorcas fúnra rẹ̀ ló gé awọ kúrò. Ó gé ti Margery kẹ́yìn. Kò wò ó lójú, bí ènìyàn bá lè wo agogo lójú. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti rọ̀ wálẹ̀ láti inú àjà. Àwọn mẹ́fà dúró yíká. Wọ́n fà á.

Agogo márùn-ún ló dún.

Dorcas tún fa okùn. Ó wúwo bó ṣe yẹ kó wúwo. Ó fà á lọ sókè, ó fà á padà wá sísàlẹ̀. Ó ń mọ̀ ọ́n lápá pé irin ńlá yẹn ń yí lókè. Àwọn yòókù dún ní títẹ̀léra, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrùn-ún. Àyè Margery kàn wà níbẹ̀, òfìfo, bí àga tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Àwọn àgbà náà ń wo ọwọ́ Dorcas. Dorcas ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ń fà á lọ, nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti dá a dúró.

Nígbà tí àkókò tí àlùfáà dá fún wọn pé, wọ́n dá a dúró. Wọ́n so okùn kọ́. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò wo ara wọn. Dorcas ló kẹ́yìn.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà já lé e lórí.

Gbòòòm.

Gbogbo ìlú wà lórí koríko, fìlà lọ́wọ́, omi lójú. Ìyáàfin Tranter ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Dorcas, ọwọ́ rẹ ò ní rọ! Ó dún ju ti àtijọ́..." Ó rí i pé Dorcas ló dúró níwájú òun. Ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Gbòòòm. Àwọn tó wà nítòsí náà rí i. Ẹ̀rín ń kú lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Hockaday dúró lọ́nà jíjìn, lẹ́bàá géètì. Kò tíì sún mọ́ ilé agogo láti ọjọ́ yẹn.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wọlé?" ló ké láti ibẹ̀.

"Mẹ́fà."

"Mélòó ló jáde?"

Wọ́n ka ara wọn. Wọ́n tún ara wọn kà. Mẹ́fà ni.

Gbòòòm.

"Ta ló wá wà nínú ilé?" ni Hockaday wí. Kò ké mọ́. Síbẹ̀, gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Dorcas yíjú padà. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Ó rí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Okùn Margery ò mì. Ó fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ó tẹ orí síwájú. Ohùn náà já bí òwú. Ìdákẹ́jẹ́ gidi ló wà nínú ibẹ̀, kì í ṣe ti ilé tó ṣófo. Ti ilé tí ẹnì kan wà, tí onítọ̀hún sé èémí mọ́ra.

Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbòòòm. Ó fa ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fà á yọ, ó sì gba àárín wọn kọjá lọ sílé. Wọ́n yà fún un.

Silas jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ń dán nínú afẹ́fẹ́ tútù tó ń gba ojú fèrèsé wọlé.

"Ó dùn," ló wí. "Dorcas, o lù ú dáadáa. O lù ú bíi bàbá wa."

Lẹ́yìn náà ló rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ agogo. Ó tún wo kọ́kọ́rọ́.

"Ti fèrèsé," ló wí.

Agogo náà dún títí wọ́n fi gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀ nínú gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Silas ò rí ọdún tuntun. Dorcas tọ́jú àwọn agogo fún ọdún mọ́kàndínlógún sí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé kò já fáfá rí lórí iṣẹ́ rẹ̀ bí ìgbà náà. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fi ọ̀rá pa irin, ó ń fa okùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó wà níta sì ń sọ pé agogo mẹ́fà ń dùn létí àwọn. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé agogo, kì í sáré ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́, bí àlejò. Á dúró díẹ̀. Á fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tó ṣí i.

Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ń kàn án fún.